Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gbogbo Ẹgbẹ́ Onílé ní Ìbàdàn: Ẹ Ya Ìpàdé Kan Sọ́tọ̀ fún Omíyalé

Sí ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ onílé tí ilé yín wà lẹ́bàá Ògùnpa, Kúdẹ̀tì, odò Ọ̀nà, Ògbèrè àti àwọn odò kéékèèké tó la ìlú wa kọjá.

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí, nítorí ọdún 9 ni mo ti fi ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò tiwa, gbogbo ìwé ìpàdé wa ló sì wà lọ́wọ́ mi. Láìpẹ́ yìí ni mo jókòó tì wọ́n, tí mo ń ṣí wọn wò láti ojú ewé àkọ́kọ́. Owó ọlọ́dẹ wà níbẹ̀. Owó tiransifọ́mà wà níbẹ̀. Ìpàdé méjì gbáko la fi jiyàn lórí ẹni tí yóò máa ti géètì àdúgbò ní aago 11 alẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ omi wọ inú ìwé náà, ohun tí a sì kọ ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ wá kó pàǹtí inú gọ́tà. Ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò gbà jáde bí omi bá dé lóru, ẹni tí yóò pọn arúgbó tí kò lè rìn, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà, a ò sọ ọ́ rí. Èmi tí mo sì ń kọ ìwé náà, omi ti lé mi jáde nílé rí. Ìyẹn ló ń dùn mí, òun ló sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ti ń lọ sópin. Ayálégbé ni mí nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ kan, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, tí kò jìnnà sódò. Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn Mùsùlùmí ilé wa ṣínu tán, àwọn kan wọ bàtà òjò lọ síbi tàfúsírì. Iná ti lọ.

Omi kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé o. Ihò balùwẹ̀ ló gbà. A kọ́kọ́ gbọ́ tó ń dún kùlùkùlù, bí ìgbà tí èèyàn tẹ kèrègbè bọ omi, lẹ́yìn náà ni omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde níbẹ̀, ó ń rùn bí ṣaláńgá. A ní ihò náà ló dí. Ìyàwó mi mú ìgbálẹ̀, èmi mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ń gbá omi, à ń gbọ́n omi. Tí mo bá ní kí n ṣírò rẹ̀, a ó ti lo ìṣẹ́jú 15 nídìí iṣẹ́ yẹn. Ìṣẹ́jú 15 náà ni gbogbo àkókò tí Ọlọ́run fún wa láti jáde lẹ́sẹ̀ gbígbẹ, a sì fi gbá ilẹ̀. Ìgbà tí mo fi ṣílẹ̀kùn yàrá, omi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kan mi lórúnkún, bàtà, ìkòkò àti àga ìdáná sì ń léfòó lọ lójú mi.

Ẹnu ọ̀nà iwájú kọjú sódò, omi ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà mọ́ wa. Ti ẹ̀yìn wà lábẹ́ àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ síbi tàfúsírì. Irin wà lójú gbogbo fèrèsé, irin tí a fi ṣe é kí olè má baà wọlé. Àwa 11 la wà nínú ilé, ọmọdé mẹ́rin nínú wa, pẹ̀lú Màmá tó ń gbé yàrá kẹta, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú lápá òsì. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí a jọ ń gbé ló rántí pé àpótí irinṣẹ́ òun wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ sínú omi nínú òkùnkùn, omi kàn án lágbọ̀n, ó ń fọwọ́ wá òòlù láàárín ìṣó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ kí ó tó rí i. Òòlù yẹn la fi fọ́ àgádágodo. Òun náà ló pọn Màmá, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìró ìyàwó mi.

Omi kò pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Ilé ìjọsìn kan tó wà lórí òkè la sùn sí. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wà lórí tábìlì nínú yàrá kẹta, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú wa. Ọmọ rẹ̀ wà ní Kánò, fóònù gbogbo wa ti rì. Ọjọ́ kẹrin ni àrùn náà tún kọlù ú, kò sì dìde mọ́. Mi ò lè búra pé oògùn tí a fi sílẹ̀ ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé páálí oògùn náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àyè rẹ̀ sì wà nínú àpò èyíkéyìí tí a wọ̀ jáde.

Lóru ọjọ́ kan yẹn, àwọn tó kú ní Ìbàdàn lé ní 100. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, ó sì gbé àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ yóò rántí ti Ògùnpa, ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí òkú tí wọ́n kó jọ lé ní 200. Láti ìgbà náà ni "omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù" ti di ohun tí ọmọ Ìbàdàn kò lè gbọ́ kí ara rẹ̀ má bù máṣọ.

Ẹ wo oṣù tí àwọn méjèèjì bọ́ sí. Oṣù Kẹjọ ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé òjò máa ń sinmi ní oṣù Kẹjọ nílẹ̀ wa, pé lẹ́yìn òjò oṣù Kẹfà àti Keje, ojú ọ̀run á tutù, oòrùn á fara pamọ́, a ó máa retí àrọ̀kúrò. Ìgbà yẹn gan-an ni a máa ń dẹra. Ẹni tó kó ẹrù sókè ní oṣù Keje á kó o wálẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti mu omi yó láti oṣù Kẹrin, odò ti kún débi ètè, kò sí ibi tí òjò ńlá kan yóò rì sí mọ́. Ìsinmi òjò kò sọ pé òjò ti kúrò nílé.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò sọ: kí n lọ kọ ọ́ sí ìjọba. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, mi ò sì yọ ọwọ́ wọn kúrò. Láti ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé ti fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n yá wa fún iṣẹ́ àgbàrá ní Ìbàdàn, wọ́n fi tún ìdídò Ẹlẹ́yẹlé ṣe, wọ́n sì fi ṣe afárá àti ojú àgbàrá. Ó dára, kí wọ́n tún ṣe sí i. Àmọ́ kò sí ìjọba tó máa wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láago 9 alẹ́ nígbà tí omi bá gba ihò balùwẹ̀ wọlé. Láàárín ìgbà tí omi dé àti ìgbà tí olùrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ máa dé, ará ilé ló ni ara wọn. Àwa onílé la sì ni ìpàdé tí a ti lè sọ ọ́. Ní àdúgbò púpọ̀, kò tún sí ìjókòó mìíràn tó ń kó gbogbo ojúlé jọ.

Ìgbà kan tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nípàdé, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dá mi lóhùn pé, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a máa sọ rere. Ibi kì í ṣe ohun tí à ń pè." Gbogbo ilé ṣe àmín, a sì kọjá síbi owó géètì. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, èmi náà ń gbà á láràárọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi, ẹ wo géètì tí a ń dáwó fún yẹn. A gbé e dúró nítorí olè, kò sí ẹni tó sọ pé a fi ń pe olè wá. A gba ọlọ́dẹ, a ra fèrè fún un, kò sí ẹni tó ní kí a máa sọ rere. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé omi, tó ti wọlé wa lẹ́ẹ̀kan lójú gbogbo wa, ni a kò gbọdọ̀ dárúkọ? Àwọn baba wa ló ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ òwe yẹn, Màmá yàrá kẹta ni mo máa ń rí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìpàdé kan lọ lọ́dún, kí ó wáyé ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí a má sì sọ̀rọ̀ owó kankan níbẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ayálégbé wá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àṣà wa, ìpàdé onílé ni à ń pè é. Àmọ́ ta ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀? Ta ló ń gbé ilé tó sún mọ́ odò jù? Onílé mìíràn wà ní Èkó tàbí lókè òkun, ayálégbé rẹ̀ ló wà pẹ̀lú omi. Ẹni tí omi máa kọ́kọ́ kàn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Kọ́kọ́rọ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣó kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa, ní ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè na ọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àgádágodo máa ń wà, tòwúrọ̀ talẹ́, ẹni tó bá mú un kúrò níbẹ̀ máa gbọ́ ti mi. Ọmọ mi tó kéré jù lè fojú dídì rí i. Mo máa ń pa iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, màá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn nínú òkùnkùn kí n wo bí yóò ti pẹ́ tó. Àwọn ọmọ ń fi ṣeré, n ò sì bínú sí i. Ti fèrèsé ńkọ́? A lè ní kí wẹ́dà gé irin ojú fèrèsé kan ṣoṣo nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kó fi ìdè sí i kó lè máa ṣí bí ilẹ̀kùn, kí àgádágodo rẹ̀ wà nínú, kí kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí. Kì í ṣe omi nìkan ló wà fún. Bí iná bá jó lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ náà la máa gbà.

Ọ̀rọ̀ ògiri fẹ́ǹsì yẹ kó gbà wá lákòókò. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, bíríkìlà sọ pé kí n mọ ògiri náà ga kí ó sì dí pinpin, omi kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ó jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri bíríkì lásán kò lè gbé omi ró bí ìdídò. Omi á kó ara rẹ̀ jọ lẹ́yìn rẹ̀, á ga, á wúwo, ọjọ́ tí ògiri bá sì wó, gbogbo omi yẹn á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú òkúta. Ó sàn kí a dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri kí omi rọra máa kọjá. Bí a bá sì dí ojú àgbàrá nítorí pé a fẹ́ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún ilẹ̀ wa, ilé aládùúgbò la darí omi sí. Ẹ̀yin alága mọ àwọn ilé tí mò ń sọ. Ẹ pè wọ́n, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá.

Lẹ́yìn èyí, kí ojúlé kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ àwọn tí kò lè dá sáré: arúgbó, aláboyún, ọmọ ọwọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a sì kọ orúkọ èèyàn méjì síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti inú ilé, ọ̀kan láti ilé kejì, tí wọ́n gbà pé àwọn ló máa gbé e. Mo ní èèyàn méjì nítorí pé ọ̀kan lè lọ síbi tàfúsírì tàbí ìsọ́ òru lọ́jọ́ náà.

Àpò wá ńkọ́? Ilé wa ní ọ̀kan, báàgì ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni, ó so kọ́ sókè. Oògùn ọ̀sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, a sì kọ orúkọ oògùn náà sára páálí pẹ̀lú bíírò. Ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ àti nọ́ńbà NIN wa wà nínú náílọ́ọ̀nù tí a dì lẹ́ẹ̀mejì, tọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, gààrí tí ó tó ọjọ́ mẹ́ta, owó díẹ̀, àti nọ́ńbà àwọn ará wa tí a fi ọwọ́ kọ sórí bébà. Ti nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí nígbà tí fóònù bá kú ni èèyàn ń mọ̀ pé òun kò mọ nọ́ńbà ọmọ òun lórí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ń yẹ̀ ẹ́ wò, à ń jẹ gààrí àtijọ́, à ń fi tuntun sí i. Omi mímu wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a sì mú ibi tí a ó ti pàdé. Ibi tó ga ni, tí gbogbo ọmọdé mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọjá odò tàbí kọ́fátì kí ó tó débẹ̀. Mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù inú ibùdó àwọn ológun bú gbàù. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ìró bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n sáré nínú òkùnkùn, wọ́n kó sínú omi kànáàlì ní Òkè-Afá, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí ohun abúgbàù dún ní Bódìjà tiwa níbí lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, tí gíláàsì ń fọ́ lójú fèrèsé ilé tó jìnnà réré, mo rí bí èèyàn ṣe ń sáré lọ tí ẹlòmíràn ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, oníkálukú ń ké orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí a bá ti mú ibì kan tẹ́lẹ̀, ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ nílé á mọ ibi tí yóò wò ó sí.

Àwọn nǹkan mìíràn kò gba àkókò, ẹ sọ wọ́n kí ẹ tó ṣàdúrà ìparí. Ìlà 112 kò gba owó, a lè fi pè fún ìrànlọ́wọ́ níbikíbi ní Nàìjíríà, 615 náà sì wà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí a pa iná láti orí swíìṣì ńlá nígbà tí ẹsẹ̀ wa ṣì gbẹ, bí omi bá ti dé ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kúrò nílẹ̀, èyí tó bá sì tó sẹ̀ǹtímítà 60 lè gbé mọ́tò pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kadà wa. Lọ́dọọdún náà ni àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti àjọ NIHSA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi odò máa ń kéde bí òjò àti àgbàrá ọdún yóò ti rí. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ kan tó mọ̀wé, kí ó kà á, kí ó sì sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá.

Bí omi bá lọ tán, ewu kò tí ì tán, kànga ló kù. Omi ṣaláńgá àti omi kànga ti di ọ̀kan náà lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí ó mọ́ lójú tó. Kí a sè é kí ó hó dáadáa kí a tó mu ún, títí a ó fi rí ẹni tó máa bá wa fọ kànga. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ da ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, tí ojú wọn tẹ́jú, sínú omi mímọ́ lítà kan, ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní àdúgbò tiwa, a ti fẹnu kò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin ni, láago 4 ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò tí a ti máa ń ṣèpàdé. Bàbá tó ní kí a máa sọ rere ló máa ṣe alága, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ọjọ́ náà ti di onílé báyìí, àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo ojúlé ló máa mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá, a ti ra ìṣó sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣí ìwé ìpàdé yín lónìí, kí ẹ kọ ọjọ́ tiyín sí i.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ àdúgbò,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan ní Ìbàdàn